Ṣé ebi ló ń pa ẹ́ńjìnnì ni, àbí àjẹjù? Ìtàn kabúrétọ̀ láti Manchester

Ìtàn kabúrétọ̀ ni mo gbé dé lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú kó fi pamọ́ dalẹ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Gbogbo ẹni tó bá ti fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré rí ní Nàìjíríà, èyí tá à ń pè ní "I better pass my neighbour", ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì kabúrétọ̀ láìmọ̀. Ẹ rántí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìdọ̀tí bá dí i lọ́nà ọ̀fun: ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á wálẹ̀, á tún lọ sókè, gílóòbù á máa ṣẹ́jú lórí yín. Kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ óò fa choke díẹ̀. Tí ohùn rẹ̀ bá wá ń lọ geere, ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé epo ni kò tó o, ebi ló ń pa á. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló tú èéfín dúdú tó sì kú, epo ti pọ̀ jù fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, ṣé ebi ni àbí àjẹjù, ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn láti Manchester níbí dé inú ogun Hitler, kí n tó fi padà sórí mọ́tò àtijọ́ oní-kabúrétọ̀ méjì tó ń gbọ̀n rìrì tó bá dúró ní tíráfíìkì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tí kabúrétọ̀ ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ símú. Afẹ́fẹ́ náà ń gba ọ̀nà tóóró kan kọjá, bó sì ṣe ń sáré níbẹ̀ ló ń fa epo jáde láti ihò kékeré tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, tí epo á fọ́n ká bí ìrì. Tí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ bíi kílò 15 ló ń bá kílò epo 1 lọ. Epo tí jẹ́ẹ̀tì ń lò wà nínú ìkòkò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan kan sì ń léfòó lórí epo náà, fúlòótù ni wọ́n ń pè é. Tí epo bá ti kún dé ìwọ̀n, fúlòótù á ti ilẹ̀kùn epo, gẹ́lẹ́ bí èyí tó wà nínú táǹkì ṣáláńgá oníomi nílé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fúlòótù yìí sọ́kàn. Òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Kabúrétọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni SU. George Herbert Skinner ló ronú kàn án ní nǹkan bí 1904 sí 1905. Ìdílé oníbàtà ni ìdílé rẹ̀, àwọn Lilley & Skinner tó ń ta bàtà ní London. Ẹ wá wo bí iṣẹ́ ìdílé ṣe ń tẹ̀lé ọmọ: nínú SU àkọ́kọ́, awọ ni wọ́n fi ṣe apá tó ń lọ sókè sódò bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń mí, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gan-an. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi písítìn onírin rọ́pò rẹ̀. William Morris, ẹni tó ni mọ́tò Morris, ra ilé iṣẹ́ náà ní 1926, láti ìgbà náà ni SU sì ti wà lórí Morris, MG, Austin àti Jaguar. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà lórí Morris Minor tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ kí mọ́tò ní agbára, wọ́n á fi méjì sí i, bíi ti MGB. E-Type tí Jaguar gbé jáde ní 1961 ní mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: tí ẹnu bá jẹ́ ọ̀kan, sílíńdà tó jìnnà sí i ò ní rí afẹ́fẹ́ tó bí èyí tó sún mọ́ ọn. Tí ẹnu bá pọ̀, oúnjẹ kárí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ẹnu náà gbọ́dọ̀ máa mí ní ìwọ̀n kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjà ni.

Ní Manchester, kí ẹ́ńjìnnì dúró láìgbọ̀n ti di ọ̀rọ̀ owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Henry Royce ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Cooke Street ní Hulme, ibi tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ó ra mọ́tò Faransé àlòkù kan, Decauville, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá ní òun á ṣe tòun. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 1904 ni mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ rìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Charles Rolls wá láti London bá a ní Midland Hotel, òtẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà ní àárín ìlú títí di òní. Ohun tó wu Rolls nínú mọ́tò yẹn ni pé kò pariwo, kò sì gbọ̀n, nígbà tí mọ́tò tọkùnrin-tobìnrin ń gbọ̀n bí àga ìfọ́ṣọ. Gbogbo yín lẹ mọ nǹkan tó ti ibẹ̀ jáde. Ní 1908 wọ́n kó lọ sí Derby, Manchester sì pàdánù wọn.

Ẹni tí mo torí rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ò ní ilé iṣẹ́ lórúkọ ara rẹ̀ o. Beatrice Shilling ni, Tilly ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i ní 1909 ní Hampshire ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 14 ló sì ti ra alùpùpù tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ bá Margaret Partridge ṣiṣẹ́, obìnrin ẹnjiníà tó ń fa iná mànàmáná wọ àwọn ìlú kéékèèké. Partridge ló tì í pé kó lọ sí yunifásítì Manchester, kó lọ ka iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná. Obìnrin méjì péré ni wọ́n nínú kíláàsì. Ó gboyè àkọ́kọ́ ní 1932, ó tún fi ọdún kan sí i gba oyè másítà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1934 ó gun Norton rẹ̀ ní pápá eré ìje Brooklands, ó sá a dé máìlì 106 ní wákàtí kan, wọ́n sì fún un ní Ìràwọ̀ Wúrà tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti kọjá 100. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé obìnrin ò lè gun ọ̀kadà, ẹ ń gbọ́?

Ní 1936 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Farnborough, ní Royal Aircraft Establishment, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ òfurufú wò. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ìgbà yẹn ni kabúrétọ̀ wá di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ẹ́ńjìnnì Merlin, tí Rolls-Royce ṣe, ló wà nínú Spitfire àti Hurricane. Sílíńdà 12 ló ní, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó lítà 27. Kabúrétọ̀ SU ńlá kan tó ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì ló ń bọ́ ọ. Àwọn ará Jámánì ò lo kabúrétọ̀ lórí Messerschmitt 109 tiwọn. Ẹ̀rọ wọn ń yin epo tààrà sínú sílíńdà, bíi ti mọ́tò òde òní. Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gọ̀ o. Epo tó bá gba kabúrétọ̀ máa ń tu afẹ́fẹ́ lára bó ṣe ń di oruku, bí sípíríìtì ṣe máa ń tuni lára tí nọ́ọ̀sì bá fi pa wá kó tó gún wa lábẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń sún mọ́ra, ìyẹn ni pé púpọ̀ rẹ̀ á ráyè wọlé, agbára ẹ́ńjìnnì á sì pọ̀ sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí wọ́n ń rà. Owó tí wọ́n san fún un ni wọn ò mọ̀.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nígbà tí dánfó bá sáré fò kọjá bọ́ǹpù, tí ìfun yín á fò sókè dé àyà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí epo inú kabúrétọ̀ Spitfire nìyẹn tí páílọ́ọ̀tì bá ti imú ọkọ̀ sísàlẹ̀ lójijì. Epo á fò lọ sí òkè ìkòkò, jẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ á sì gbẹ. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ wúkọ́ nítorí ebi. Èyí ò le púpọ̀, kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n fúlòótù náà ti dojú rú. Kò mọ ibi tí òkè wà mọ́, ilẹ̀kùn epo sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Pọ́ǹpù ò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ó ń da epo bọ̀ ní gbogbo agbára rẹ̀. Epo á wá bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, èéfín dúdú á jáde, ẹ́ńjìnnì á kú. Èyí gan-an ló le.

Ẹ wá fi ara yín sípò ọmọ ọdún 20 kan tí ará Jámánì wà níwájú rẹ̀ ní 1940. Ará Jámánì náà ti imú ọkọ̀ sísàlẹ̀, ó ti lọ. Tíwọ náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ á dákẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ ló wà, ọ̀nà tó rọrùn jù láti sá ti dí nìyẹn. Àwọn páílọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ láti dojú ọkọ̀ dé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, kí epo lè dúró sáàyè rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ìyẹn ń gbà, àmọ́ nínú ìjà òfurufú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Ogun yẹn ò sì jìnnà sí wa tó bá a ṣe máa ń rò. Ọmọ Èkó kan, Peter Adéníyì Thomas, di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló sì kú sí ní 1945 kí ogun tó parí.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ Shilling ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń kú. Shilling àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé àìsàn méjì ló wà nínú ọ̀kan: ebi ló kọ́kọ́ ń dé, àjẹjù ló ń tẹ̀lé e, àjẹjù ló sì ń pani. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan ká tún kabúrétọ̀ yà látòkèdélẹ̀. Ẹ ṣírò epo tí ẹ́ńjìnnì lè jẹ nígbà tó bá ń sá pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí ẹ wá fi idẹ kékeré kan tó ní ihò láàárín sí ojú ọ̀nà epo, kí ihò náà má gba ju ìwọ̀n yẹn lọ. Ẹ́ńjìnnì á rí oúnjẹ rẹ̀ jẹ yó nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ò lè bò ó mọ́lẹ̀ mọ́ bí fúlòótù bá tilẹ̀ ya wèrè. Ti àkọ́kọ́ dà bíi fìlà tí télọ̀ máa ń fi bọ ìka. Nígbà tó yá, ó di pẹlẹbẹ bíi wọ́ṣà lásán.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó dà bí àlá. Wọn ò ní láti gba ọkọ̀ òfurufú kúrò lójú ogun kí wọ́n tó fi sí i. Nígbà tó fi di oṣù kẹta 1941, Shilling ti kó àwọn díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ti ń lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, wọ́n ń fi í sínú Merlin níbi tí ọkọ̀ bá wà. Kò wo gbogbo àrùn náà sàn o. Ìkọ́ kékeré ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà. Ó di 1943 kí kabúrétọ̀ irú mìíràn, èyí tó ń fi agbára pọ́ǹpù yin epo, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní bíi ọdún méjì yẹn, idẹ kékeré tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ló dúró sáàárín páílọ́ọ̀tì àti ikú. Manchester tún bá Merlin ní orí mìíràn: ilé iṣẹ́ tí Ford kọ́ ní Urmston, lẹ́bàá Trafford Park, ṣe ju 30,000 lọ nínú ẹ́ńjìnnì yẹn kí ogun tó parí.

Kí ni wọ́n wá sọ idẹ náà? Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ ológun pè é ní "Miss Shilling's orifice", ìyẹn ihò Misi Shilling. Ẹ̀yin náà gbọ́ ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, mi ò ní túmọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òpìtàn kan máa ń sọ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi pe e bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́. Lójú tèmi, ẹ̀fẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ burúkú kan: ó sọ ìrònú di nǹkan ìrẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti kà nípa rẹ̀, ìlà kan ni, "obìnrin kan fi wọ́ṣà sí i", ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń ṣe sí mẹkáníìkì tiwa nílé náà. Ó á fetí sí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú méjì, á yí nǹkan kan ní ìdá mẹ́rin, mọ́tò á dákẹ́ jẹ́jẹ́, a ó sì máa jà lórí owó, pé ṣebí ìṣẹ́jú méjì ló fi ṣe é. Ní Farnborough báyìí, ilé ọtí kan wà tó ń jẹ́ The Tilly Shilling. Ìyẹn náà dáa.

Ẹ jẹ́ ká padà sílẹ̀ wàyí, sórí mọ́tò oní-kabúrétọ̀ méjì. Ìrònú Shilling yẹn náà ló ń tún un ṣe. Ká sọ pé MGB kan wà níwájú yín nínú gáréèjì ní Stockport. Tó bá wà lórí motorway, ó ń lọ geere. Tó bá dúró, lórí ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "slow", ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Kí ló dé tó fi jẹ́ orí slow nìkan? Nítorí pé ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá nígbà yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kéré gan-an, nítorí náà ihò tó tó imú abẹ́rẹ́ ti tó láti ba ìṣirò jẹ́. Lórí eré, ihò yẹn ò ní já mọ́ nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré gbé kabúrétọ̀ tú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo púlọ́ọ̀gì, póìǹtì, ìgbà tí iná ń ṣẹ́, àti àyè tápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀ ni wọ́n ti tú palẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kọndẹ́ńsà ṣẹ̀. Tí iná bá dára, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jalè wọlé: gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, àti ọ̀pá tó ń ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́, torí ó máa ń jẹ ihò rẹ̀ gbòòrò lẹ́yìn ogójì tàbí àádọ́ta ọdún. Afẹ́fẹ́ olè yìí ló máa ń tan mẹkáníìkì jẹ jù, nítorí pé ó ń ṣe bí ebi epo. Ẹ óò máa fi epo kún un, kò ní yó. (Ẹ má fi bẹntiróòlù dán an wò lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná o, iná ò mọ ẹni tó ń ka PhD.) Lẹ́yìn náà, ẹ gbé písítìn SU kọ̀ọ̀kan sókè kí ẹ sì fi sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ já bọ́ sísàlẹ̀ kó dún "kọ́". Tó bá ń fà, ó dọ̀tí.

Ìgbà yìí ló tó kan kí méjèèjì máa mí bákan náà. Ẹ tú ìdè tó so ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ wọn pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dúró. Ẹ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi ẹnu kan sí etí, ẹ fi ẹnu kejì sí ẹnu kabúrétọ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ ohùn "ṣíííí" rẹ̀, ẹ lọ sórí ìkejì. Èyí tó bá ń pariwo jù ló ń fa afẹ́fẹ́ jù. Ẹ yí súkúrù wọn títí ohùn méjèèjì á fi dọ́gba, kí ẹ tó dè wọ́n padà. Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, ó dáa, ṣùgbọ́n rọ́bà àti etí ti ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá fo ibí yìí, tó lọ tààrà sórí epo, ńṣe ló máa fi àjẹjù ọ̀kan bo ebi ìkejì mọ́lẹ̀. Á dà bíi pé ó ti dáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, púlọ́ọ̀gì méjì iwájú á dúdú bí èédú, méjì ẹ̀yìn á funfun.

Epo ló kẹ́yìn, ìbéèrè jẹnẹrétọ̀ wa ló sì tún dé yìí. Lábẹ́ SU, irin kékeré kan wà tí ẹ lè fi ìka tì láti gbé písítìn sókè bíi mìlímítà kan péré. Ẹ tì í, ẹ gbọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá sáré sí i tó sì ń bá eré lọ, epo ti pọ̀ jù. Tó bá fẹ́ kú, ebi ń pa á. Tó bá sáré díẹ̀ tó sì padà sí bó ṣe wà, ó ti tó. Ẹ yí nọ́ọ̀tì jẹ́ẹ̀tì ní ìdá mẹ́fà ẹyọ kan, ẹ tún gbọ́, ẹ lọ sórí ìkejì, ẹ sì padà sórí àkọ́kọ́, torí pé tí ẹ bá yí ọ̀kan, ìkejì á mọ̀ ọ́n lára. Jaguar oníkabúrétọ̀ mẹ́ta á gba ọwọ́ yín títí dalẹ́.

Ebi tuntun kan sì ti dé láti 2021, nígbà tí wọ́n sọ epo ilé epo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di E10, èyí tó lè ní ethanol tó ìdá mẹ́wàá. Ethanol máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ó sì ń gbé ọ́síjìn wá lára, nítorí náà jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tò dáadáa ní 1970 á máa fún ẹ́ńjìnnì ní oúnjẹ tó dín díẹ̀ lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ níbí fi ń ra E5 tó wọ́n jù.

Mo ní ìbéèrè kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dé ibí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣe mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí Kútọnu láyé Morris àti Peugeot 404, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n máa ń pe ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n lórí slow ní Yorùbá? Kí ni wọ́n ń pe èyí tí ebi epo ń pa, kí ni wọ́n ń pe èyí tí epo bò mọ́lẹ̀? Mo ń kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ fi orúkọ ìlú kún un.